Ẹ má tíì gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ fún oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka ohun tí ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé yín sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé kọ̀ǹpútà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò bá ṣe mọ́, ààtàn ni ilé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, torí ọ̀kan wà nílé mi tó ti lé lógójì ọdún, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí di òní.

ZX Spectrum ti Sinclair, ilé iṣẹ́ kan ní Ìlú Ọba, ni, èyí tí mẹ́mọ́rì rẹ̀ jẹ́ 48K. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde ní 1982, pọ́n-ùn 175 ni wọ́n ń tà á. Owó rẹ̀ ti wálẹ̀ kí n tó rà á ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1984, nígbà tí mò ń kàwé níbẹ̀. Iná tiwọn àti tiwa bára mu, orí púlọ́ọ̀gì náà bára mu. Bí mo ṣe dé Abẹ́òkúta ni mo so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, mo wá a kàn lórí ìkànnì 36. Pálọ̀ mi kún fọ́fọ́ fún ọmọ àdúgbò. Bọ́tìnnì kan, odidi ọ̀rọ̀ àṣẹ kan: ẹ tẹ P, PRINT á jáde. Ẹ tẹ J, LOAD á jáde. Ní 1986 ni Sinclair ta iṣẹ́ náà fún Amstrad, ilé iṣẹ́ mìíràn, àwọn náà sì jáwọ́ ní 1992.

Lọ́jọ́ kan, bọ́tìnnì márùn-ún láti Y dé P kọ̀, wọn ò dáhùn mọ́. Mo gbé e lọ sí Ìkẹjà, níbi tí gbogbo ayé ń gbé kọ̀ǹpútà lọ. Ọmọ kan fi mí rẹ́rìn-ín: "Bàbá, Windows wo ló wà nínú èyí?" Ṣọ́ọ̀bù kejì ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn, àmọ́ àwọn gan-an ló pa á. Adáptọ̀ 9 fóòtì kan tó wà nílẹ̀ ni wọ́n kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Wọn ò wò ó pé négétíìfù ló wà láàárín ẹnu ti Spectrum, pọ́sítíìfù ló wà lẹ́yìn. Ó kú fin-ín. Wọ́n tún gba owó àyẹ̀wò lọ́wọ́ mi!

Bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe ní Láfẹ́nwá ló jí i. Kò rí irú rẹ̀ rí. Ó ní kí n jókòó, ó mú mítà, ó ń tọ iná kiri orí panẹ́ẹ̀lì bí ẹni ń tọ ipa ẹran. Ó ní iná mẹ́ta ni mẹ́mọ́rì yìí ń jẹ: fóòtì 5, fóòtì 12, àti fóòtì 5 tòdì (négétíìfù), èyí tòdì kò sì dé ibẹ̀ mọ́. Tíránsísítọ̀ kan péré ló jóná, òun ló sì kó bá mẹ́mọ́rì. Nínú agolo mílíìkì tó kó èlò sí ló ti yọ òmíràn. Mẹ́ta ló bàjẹ́ nínú mẹ́mọ́rì mẹ́jọ tí nọ́ńbà wọn jẹ́ 4116; ọmọ mi ló rán òmíràn wá láti Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, pẹ̀lú ọ̀rá tó wà lábẹ́ bọ́tìnnì, èyí tó ń gbé iṣẹ́ bọ́tìnnì dé panẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n ṣì ń ṣe tuntun rẹ̀ ní Ìlú Ọba. Ìrù ọ̀rá ti àtijọ́ ló gan tó sì sán. Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni bọ́tìnnì márùn-ún yẹn jọ ń gbà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi jọ kú.

Olóòtú, àwọn ọmọ Ìkẹjà mọ bí a ṣe ń pààrọ̀ panẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó mọ ohun tó wà lórí panẹ́ẹ̀lì, àwọn tó ń tún rédíò ṣe ni, wọ́n sì ti ń darúgbó. Bí ọ̀kan bá kú, oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń kó agolo fún. Z80 tó jẹ́ ọpọlọ Spectrum, ọdún 2024 ni Zilog tó ń ṣe é ní àwọn ò gba ọ́dà rẹ̀ mọ́. Inú agolo báyẹn la ó ti máa wá a. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán akọ̀ròyìn yín sí wọn, kí ẹ sì tẹ àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù wọn jáde.

Rọ́bà inú rédíò kásẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń lóòdù ètò sínú Spectrum ti dẹ̀ báyìí. Bí òǹkàwé kan bá ní èyí tó ṣì le, kó fi sílẹ̀ fún mi ní ọ́fíìsì yín. Màá wá gbà á.

Èmi ni,
Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbarà, Abẹ́òkúta