Ẹ̀sùn lórí áńténà tí ẹ ta sórí òrùlé wa ní Wuse

Wuse Zone 4,
Àbújá.
Ọjọ́ 14, oṣù Kẹrin, 2025.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Mo kí yín. Yorùbá la fi dúnàádúrà iṣẹ́ yìí ní ṣọ́ọ̀bù yín, òun náà ni mo fi kọ ẹ̀sùn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ní ọ̀rọ̀ mi kò yé òun.

Ní Sátidé, ọjọ́ 22 oṣù Kẹta, àwọn ọmọ iṣẹ́ yín mẹ́ta gun òrùlé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí mo ń gbé láti bá mi ta áńténà amateur radio, ìyẹn rédíò tí àwa tí a gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NCC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀, fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ káàkiri ayé láìgba kọ́bọ̀. Mo ya àwòrán rẹ̀ sínú bébà fún yín: wáyà mítà 20, mẹ́wàá lọ́tùn-ún, mẹ́wàá lósì, kébù rédíò 50 ohm láàárín, òpó méjì tí yóò gbé e ga kúrò lórí páànù. Mo san ₦185,000 owó iṣẹ́. Owó ohun èlò lọ́tọ̀.

Mo ní òde ní Kubwa lọ́jọ́ náà. Àṣìṣe tèmi nìyẹn. Nígbà tí mo fi máa dé, wáyà mítà 14 ni mo bá lókè. Mo bi ọmọ yín kan, ó ní ibẹ̀ ni òrùlé parí sí. Ẹ gbà mí o, ṣé aṣọ la fẹ́ rán ni? Ìgbì 7 MHz tí mo fẹ́ lò gùn tó nǹkan bíi mítà 42, wáyà sì gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì rẹ̀ kó tó lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí òrùlé bá kúrú, ẹ gbé àárín rẹ̀ ga, kí ẹ jẹ́ kí etí méjèèjì dà wálẹ̀. A kì í gé e! Mo fi mítà SWR, ẹ̀rọ tó ń fi hàn bí agbára tí áńténà ń dá padà sí rédíò ṣe pọ̀ tó, wò ó, abẹ́rẹ́ rẹ̀ fò lọ sópin, rédíò mi sì dín agbára rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ kó má baà jóná.

Òpó kan ṣoṣo ni wọ́n rì. Ẹsẹ̀ irin táǹkì omi ni wọ́n so etí kejì mọ́, ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ló sì wà láàárín wáyà àti páànù. Ti kébù tẹlifíṣọ̀n 75 ohm tí wọ́n lò, mi ò ní pariwo jù, irú áńténà yìí lè fara dà á. Ṣùgbọ́n 50 ohm ni mo sanwó rẹ̀.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni àrá. Ẹ̀yin náà mọ bí òjò àkọ́rọ̀ Àbújá ṣe máa ń rọ̀, ìjì àti mànàmáná ló máa ń kó wá. Òpó irin wà lókè, kò sí wáyà earthing tí yóò darí àrá sínú ilẹ̀, kò sí ọ̀pá bàbà nílẹ̀, kébù sì wọ yàrá mi tààrà. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ báyìí, mo ń yọ ẹnu kébù, mo ń jù ú sóde lójú fèrèsé.

Òjò ọ̀sẹ̀ tó kọjá wá tú àṣírí yòókù. Wọ́n ti lu páànù níhò mẹ́rin láìfi rọ́bà sídìí sikurúù. Orí bẹ́ẹ̀dì Màmá tó ń gbé àjà òkè ni omi ń kán sí. Oní-dísì ni àwọn ará ilé ń pè mí báyìí. Alhaji onílé wa, tí mo ti ṣèlérí fún pé ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan páànù rẹ̀, kò dá mi lóhùn mọ́ bí mo bá kí i. Nígbà tí mo sì fóònù yín, ẹni tó gbé e bi mí pé, "Ọ̀gá, ṣé àwòrán ò mọ́ ni?"

Ohun tí mo fẹ́ kò ju èyí lọ: kí ẹ dí ihò páànù ná, kí ẹ wá fi wáyà tó pé, òpó kejì, kébù tí mo sanwó fún àti earthing síbẹ̀ láàárín ọjọ́ méje. Ẹni tó ti ta áńténà rédíò rí ni kí ẹ rán wá, kì í ṣe àwọn onídísì. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ dá ₦185,000 mi padà, kí ẹ sì san owó oníṣẹ́ páànù.

Mo wà nílé ní Sátidé tó ń bọ̀. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn òrùlé ti wà lọ́wọ́ mi báyìí. Ọ̀dọ̀ mi ni kí wọ́n kọ́kọ́ yà.

Èmi ni,
Oníbàárà yín, àjà kejì.