Ìwé ọmọ onílẹ̀: ẹ má gbàgbé ìyá

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Lórí ohun tí ẹ kọ nípa ìwé ọmọ onílẹ̀ ní Kàdúná, ìyẹn ìwé tí ìjọba ìbílẹ̀ fi ń jẹ́rìí pé ènìyàn jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀, èrò tèmi ni pé kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ yéé lé ẹni tí òfin fún lẹ́tọ̀ọ́ sẹ́yìn torí pé orúkọ Yorùbá ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́.

Ẹ wo abala 318 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999: bí òbí kan, tàbí òbí àgbà kan ṣoṣo, bá ti jẹ́ ara àwùjọ onílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kan, ọmọ náà ti di ti ìpínlẹ̀ yẹn. Kò sọ pé bàbá ni dandan. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Gbagyi, ẹ̀yà onílẹ̀ kan ní Kàdúná, tí bàbá rẹ̀ wá láti Ọ̀fà, lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé náà. Ọ̀dọ̀ mai-ungúwà, olórí àdúgbò, ni fọ́ọ̀mù ti sábà ń há: orúkọ bàbá ló máa ń wò, bí kò bá sì fọwọ́ sí i, hákímì, olórí àgbègbè, kò ní yà á wò. Ẹ mú ẹ̀gbọ́n ìyá ọmọ dání lọ síbẹ̀. Ẹnu ẹbí máa ń ṣiṣẹ́ ju òǹtẹ̀ lọ.

Ti ẹni tí kò ní ìyá onílẹ̀ ló le. Wọ́n á ní kó padà sí Ọ̀fà, Ọ̀fà á sì bi í pé, "Ọmọ ilé ta ni ọ́?" Abala 15 ní kí ìjọba fún ọmọ Nàìjíríà lẹ́tọ̀ọ́ ìgbélùú níbi gbogbo, àmọ́ abala 6 ti gbégi dínà ilé ẹjọ́ lórí rẹ̀, a kò lè fi pe ẹjọ́. Fún ìwọlé sí ilé ẹ̀kọ́, dípò ìwé ọmọ onílẹ̀, kí wọ́n kúkú máa gba ìwé owó orí òbí àti ìwé ẹ̀rí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Akọ̀wé agbẹjọ́rò,
Sábọ̀n Tásà, Kàdúná