Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lórí Wáyà Kọ́pà Tí Wọ́n Ń Gé Nídìí Òpó Rédíò

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Òṣogbo,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, Alága wa. Àwa ẹgbẹ́ onímọ̀-ẹ̀rọ rédíò ní Òṣogbo là ń bẹ̀ yín. Àwọn olè ń gé wáyà kọ́pà nídìí òpó rédíò, a sì fẹ́ kí ẹ dá sí i kí òjò tó le.

Wáyà yẹn ló ń mú àrá wọlẹ̀. Òpó ló ga jù ládùúgbò, òun ni àrá sábà máa ń bá. Bí kọ́pà bá fún mọ́ ẹsẹ̀ òpó dáadáa, iná àrá á gba ibẹ̀ lọ sínú ilẹ̀. Bí wọ́n bá ti gé e, iná náà á gba wáyà èríàlì wọnú yàrá tránsímítà, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn rédíò sáfẹ́fẹ́, á jó àwọn tìráńsítọ̀, ìyẹn àwọn ẹ̀yà kékeré tó ń darí iná inú rẹ̀, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun téèyàn ń sáré rà lọ́jà Ọba. Títí tí òmíràn yóò fi dé, kò sí ìròyìn àárọ̀, kò sí ètò tí ará ìlú ti ń fóònù wọlé, bí odò Ọ̀ṣun bá sì kún, ìkìlọ̀ ò ní jáde.

Àtúnṣe rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ọ̀pá kọ́pà ẹsẹ̀ bàtà 8 tí wáyà náà so mọ́ là ń gbá wọlẹ̀, a kì í sì í jẹ́ kí àlàfo wọn dín ní ẹsẹ̀ bàtà 8, torí bí wọ́n bá sún mọ́ra jù, ilẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn á máa da iná sí. A ó wá fi mítà wọn bí ilẹ̀ ṣe ń dí iná lọ́nà tó; bó bá ju ohm 5 lọ, a ó fi ọ̀pá kún un. Iyọ̀ táwọn kan ń dà sí i kí ilẹ̀ lè gba iná dáadáa, òjò á fọ̀ ọ́ lọ, á sì ti jẹ kọ́pà kó tó lọ.

Ọ̀rọ̀ ààtàn náà ń dùn wá. Ìdí kọnkéré tí okùn irin tó di òpó mú so mọ́ ni wọ́n ti ń sun ìdọ̀tí. Iná ń bó síńkì ara okùn, ìpẹtà á wá máa jẹ ẹ́ títí yóò fi já, òpó sì lè wó lu ilé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa kìlọ̀ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù: kọ́pà pẹlẹbẹ tó fẹ̀ bí ìka méjì, tí ara rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, inú ilẹ̀ ni wọ́n ti hú u. Ẹ bá wa kó ààtàn yẹn, kí àwọn tó ń gbẹ́ gọ́tà sì pè wá kí wọ́n tó gbẹ́lẹ̀ nítòsí òpó. A ó fi òkúta ọ̀dà funfun sàmì síbi tí wáyà gbà, a ò ní gba kọ́bọ̀.

Tiyín ní tòótọ́,
Alága àti Akọ̀wé Ẹgbẹ́