Ibùsùn nìkan kò tó

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo ka ìròyìn yín lórí ilé ààbò fún àwọn tí wọ́n ń lù nínú ilé wọn. Ó yẹ kí àdúgbò gbogbo ní irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ibùsùn nìkan kò tó.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Obìnrin kan wá sọ́dọ̀ wa nínú ooru, ó di bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ títí dé ọ̀fun. Ó ní òun ṣubú ni. Nígbà tí mo tú bọ́tìnnì náà, ojú ìka mẹ́rin ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ dúró tì wá, òun ló ń dáhùn gbogbo ohun tí mo ń bi ìyàwó. Ẹni tí wọ́n bá ti fún lọ́rùn rí, ewu ikú ti sún mọ́ ọn gan-an. Kí gbogbo ẹni tó bá máa gbà á sílé mọ èyí.

Àwọn èèyàn a máa ní, "Kí ló dé tí kò kó jáde?" Ó máa ń dùn mí. Ìgbà tó bá ń kó jáde gan-an ni ewu máa ń le jù. Ta ni yóò bá a wo ọmọ? Ta ni yóò tẹ̀ lé e dé kóòtù? Iṣẹ́ àdúgbò nìyẹn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa tẹ nọ́ńbà ìpè ìrànwọ́ sínú ìwé ìròyìn yín lójoojúmọ́. Ẹni tó nílò rẹ̀ jù kò lè bèèrè.

Nọ́ọ̀sì, ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì