Ohun tí Ìyá sọ fún ọmọ rẹ

Àjàṣẹ́,
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ọdún Àjíǹde

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé Libreville ò le jù? Mo lè pè ọ́ lórí fóònù, àmọ́ wàá já lu ọ̀rọ̀ mi kí n tó dé ibi tó ń dùn mí. Jọ̀ọ́, kà á délẹ̀.

Mo mú ọmọ rẹ lọ wo Ìyá rẹ ní Kétu lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni bàbá rẹ̀ yọ̀ǹda, ó ní a ò gbọdọ̀ sùn síbẹ̀. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tá a fi wọkọ̀. Owó ọkọ̀ ti ga, látìgbà tí epo kpáyọ̀, epo fàyàwọ́ láti Nàìjíríà, ti wọ́n ní 2023. Ọmọ rẹ sùn títí a fi kọjá Sakẹ́tẹ́, ó jí láàárín ọ̀pẹ Pobẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ohun tó mú kí ilẹ̀ pupa tó bẹ́ẹ̀.

Àbúrò Ìyá lọ́kùnrin pàdé wa ní gáréèjì, wọ́n kọ́kọ́ mú wa yà ní Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú náà. Inú ọmọ rẹ dùn. Ó fi Faransé sọ fún wọn pé òun ti rí ère obìnrin ológun Dàhòmì ní Kùtọ̀nú, èyí tó ga tó mítà 30, pé bíi tirẹ̀ lòun máa rí bóun bá dàgbà. Àbúrò Ìyá wo ẹnu mi, wọ́n ń retí kí n túmọ̀ rẹ̀. Ẹnu mi wúwo. Ẹnu ọ̀nà tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì gbà wọlé kó ìlú ní 1886 la dúró sí yìí! Mo ní, "Ó ní ẹnu ọ̀nà yìí mà tóbi o." Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Nígbà tá a dé oko, Ìyá ti wà níta. "Ìyábọ̀!" Ọmọ rẹ wẹ̀yìn, ó ń wá ẹni tí wọ́n ń pè. Orúkọ tí Ìyá fúnra wọn sọ ọ́ lẹ́yìn ikú ìyá tiwọn, kò mọ̀ pé òun ló ni ín. Ìyá ò bínú. Wọ́n fọwọ́ pa á lójú láti iwájú orí dé àgbọ̀n, wọ́n ní, "Imú ìyá rẹ̀ rèé." Mo rò pé ìfẹ́ nìkan ni.

Lọ́sàn-án, Ìyá gbé igbá ẹ̀wà kalẹ̀, wọ́n ń ṣà á. Ọmọ rẹ lóṣòó síwájú wọn. Ìka ni Ìyá fi ń wá òkúta, àwọn wẹ́wẹ́ tó jọ ẹ̀wà sì ń yọ́ kọjá lábẹ́ ìka wọn. Ọmọ náà ò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sórí bàtà rẹ̀. Mo ka mọ́kànlá. Ìgbà yẹn ni Ìyá rọra bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀:

"Ìyábọ̀, ojú mi ń ṣú. Ti òsì ti lọ. Ti ọ̀tún, bí ẹni wà nínú kùrukùru ni. Má sọ fún ìyá rẹ o, kó má baà fi iṣẹ́ sílẹ̀."

Ọmọ rẹ ní, "Oui, Mamie."

Mo wà lẹ́yìn ògiri pẹ̀lú korobá omi lọ́wọ́, ẹsẹ̀ mi ò gbé. Wọ́n mọ̀ pé ọmọ náà ò gbọ́ Yorùbá. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́ fún un.

Nínú ọkọ̀, ó bi mí ohun tí Mamie ń sọ nígbà yẹn. Mo ní wọ́n ń yìn ín ni. Èmi ò fẹ́ pa ẹ̀kẹta.

Mo wo ojú òsì náà kí n tó kúrò: nǹkan funfun ti bo ẹyinjú. Ó lè jẹ́ irú èyí tí dókítà ń ṣí kúrò. Mo ní kí wọ́n bá mi dé ọsibítù, wọ́n ní oorun ló ń kùn wọ́n. Ìwọ nìkan ni wọn ò ní lè kọ̀ fún. Jọ̀ọ́, má fi owó ránṣẹ́, wá fúnra rẹ kí òjò tó dẹ́kun. Kí o sì bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó jẹ́ kí ọmọ náà lo ìsinmi gbọọrọ lọ́dọ̀ Ìyá. Èmi ni n ó mú un lọ, èmi ni n ó sì lọ mú un wá. Mi ò lè máa ṣe ahọ́n fún àwọn méjèèjì.

Gàrí tí ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá gbé fún ọ, Ìyá fúnra wọn ló yan án. Kù ú dáadáa kí o tó mu ún.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́