Ẹsẹ̀ tó ń ṣe ọ́ yẹn, jọ̀ọ́ má fi í ṣeré

Bọ́lá ọ̀rẹ́ mi,

Ọkàn mi ò balẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ka lẹ́tà rẹ. O ní ó ń ṣe ọ́ bí ẹni pé èèrà ń rìn lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ méjèèjì, pé tí o bá dijú bu omi sójú, ṣe ló máa ń dà bíi pé o fẹ́ ṣubú. O wá ní thyroid, ẹ̀yà ara tó wà lọ́rùn wa yẹn, náà ni. Ṣùgbọ́n ìwọ náà lo sọ pé èsì TSH rẹ, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ bí thyroid ṣe ń ṣiṣẹ́, ti dára. Kí ló wá ń da ẹsẹ̀ láàmú?

Hashimoto, àìsàn thyroid tó ń ṣe àwa méjèèjì yìí, ara ló ń bá ara rẹ̀ jà, ìjà náà kì í sì í fìgbà gbogbo mọ sí ọrùn. Nígbà míì ó máa ń dé inú ikùn, níbi tí ohun tó ń gba fítámì B12 wọ ara ti ń wá. Tí ìyẹn bá bàjẹ́, kò sí bí èèyàn ṣe lè jẹun tó, B12 inú oúnjẹ á kàn gba inú rẹ̀ kọjá ni. Nítorí náà, má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé o ò jẹun dáadáa. Ẹ̀dọ̀ sì máa ń tọ́jú B12 pa mọ́ fún ọdún mélòó kan, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè hàn.

B12 ló ń tọ́jú awọ tó bo iṣan tí a fi ń mọ nǹkan lára. Nígbà tí àìtó B12 ṣe èmi náà, dókítà gbá irin kékeré kan, ó gbé e lé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń dún, àmọ́ mi ò mọ bó ṣe ń gbọ̀n lára rárá. Ẹ̀rù bà mí gan-an lọ́jọ́ yẹn.

Ní kí wọ́n yẹ B12 rẹ wò. Bí èsì rẹ̀ ò bá dájú, kí wọ́n fi MMA kún un, àyẹ̀wò míì tó ń fi hàn bóyá B12 ò tó lára. Má torí pé ẹ̀jẹ̀ rẹ pé kí o ní kò sí nǹkan. Iṣan lè máa bàjẹ́ lọ kí ẹ̀jẹ̀ má dín. Àti folic acid, fítámì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún ọ yẹn, bi dókítà léèrè ná. Ó lè tún ẹ̀jẹ̀ ṣe, kó sì fi iṣan sílẹ̀ kó máa bàjẹ́ lọ.

Tó bá jẹ́ B12 ni, abẹ́rẹ́ wà. Ọwọ́ mi ti padà sípò, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi ṣì kú títí di òní, torí ó ti pẹ́ kí wọ́n tó rí i. Ìdí tí mo fi ń yọ ọ́ lẹ́nu nìyí.

Lọ lọ́sẹ̀ yìí, jọ̀ọ́. Tí èsì bá jáde, kọ nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Ṣadé