Ẹ Ka Nehemáyà Dé Orí Karùn-ún

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Àwa tá a wà lókè ọya níbí náà ń ka ìwé ìròyìn yín, bó pẹ́ bó yá ó máa ń tẹ̀ wá lọ́wọ́.

Lẹ́tà tí òǹkàwé yín kan kọ nípa ìdí tí àdúrà wa ò fi ń gbà ní Nàìjíríà ló jẹ́ kí n gbé bírò. Ó ní tá a bá jọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ilẹ̀ yìí níwájú Ọlọ́run, tá a fi ààwẹ̀ kún ààwẹ̀, nǹkan á yí padà. Mi ò bá a jà. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì lèmi náà, mi kì í pa fíjìlì jẹ. Ibi tó gbé ọ̀rọ̀ náà dúró sí ni mi ò gbà, torí Nehemáyà inú Bíbélì ló fi ṣàpẹẹrẹ, orí kìíní ló sì ti sọ̀ kalẹ̀. Bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe é nìyẹn.

Ní Àbújá níbí, tí ṣọ́ọ̀ṣì bá ti fẹ́ kọ́lé, Nehemáyà ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣí. Orí kìíní, ọkùnrin náà gbọ́ pé odi Jerúsálẹ́mù ti wó, ó jókòó, ó sunkún, ó gbààwẹ̀, ó ní èmi àti ilé baba mi ti ṣẹ̀. Ẹ gbọ́ o, èmi àti ilé baba mi ló ní, kò ní àwọn ọ̀tá ilé baba mi, ìyẹn nìkan tó ìwàásù kan lọ́tọ̀ fún àwa Yorùbá. Orí kejì, ẹ jẹ́ ká dìde ká mọ ọ́n, ibẹ̀ ni ẹ́ńfílọ́ọ̀pù ti máa ń jáde, ẹni tó máa ra ọgọ́rùn-ún báàgì sìmẹ́ńtì, kó nàró, ẹni tó máa ra irin, kó nàró. Orí kẹta, lágbájá mọ apá ibí, tàmẹ̀dò mọ apá ọ̀hún. Orí kẹrin, Sáńbálátì àti Tòbáyà, àwọn ọ̀tá iṣẹ́, a ó gbàdúrà lé wọn lórí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Tó bá wá ku orí karùn-ún, a ti ṣe oore-ọ̀fẹ́, oníkálukú ti ń wá mọ́tò. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ìwàásù lórí ìwé yìí, mi ò tíì gbọ́ ẹni tó jókòó ti orí yẹn.

Kí ló wà níbẹ̀? Odi ń lọ sókè, ebi sì ń pa àwọn tó ń mọ ọ́n. Àwọn èèyàn àtàwọn ìyàwó wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ké, kì í sì í ṣe Sáńbálátì ni wọ́n ń ké lé lórí, àwọn Júù bíi tiwọn ni. Àwọn kan ní àwọn ti fi oko, ọgbà àjàrà àti ilé dógò kí àwọn lè rí ọkà rà torí ìyàn mú, àwọn kan ní owó orí ọba làwọn yáwó san, àwọn míì ní ọmọ àwọn ti di ẹrú lọ́wọ́ àwọn olówó. Nehemáyà ní inú bí òun gan-an. Ẹni tó fi omijé gbààwẹ̀ ní orí kìíní yìí ò pe ààwẹ̀ kankan lọ́tẹ̀ yìí o! Ó pe àwọn ìjòyè, ó bá wọn wí ní gbangba, ó ní ẹ dá oko wọn padà, ẹ dá ọgbà àjàrà àti ọgbà ólífì padà, ẹ dá ilé padà, pẹ̀lú èlé tí ẹ ń gbà lórí owó, ọkà, wáìnì àti òróró wọn, lónìí olónìí. Wọ́n ní àwọn á dá a padà. Kò fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán mọ bẹ́ẹ̀, ó ránṣẹ́ pe àwọn àlùfáà, ó ní kí wọ́n búra níwájú wọn. Ó wá gbọn aṣọ ara ẹ̀, ó ní ẹni tí ò bá mú un ṣẹ, báyìí ni kí Ọlọ́run gbọn ọ́n kúrò nínú ilé ẹ̀ àti nínú iṣẹ́ ẹ̀. Ìgbà yẹn ni gbogbo ìjọ wá ṣe Àmín, wọ́n sì yin Olúwa. Lórí owó tí wọ́n fẹ́ dá padà ni Àmín yẹn wà.

Ọjà Dei-Dei ni mo ti ń tajà, páìpù, táǹkì, ẹnu ẹ̀rọ, gbogbo nǹkan omi inú ilé. Kò sí irú kọ́ńtíráktọ̀ tí mi ò rí rí, bírìkìlà, púlọ́ńbà, lébìrà, iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n ń gbà kọjá, ẹnu wọn kì í sì í dákẹ́. Ohun tí mo rí ni pé ẹni tí owó ẹ̀ kéré jù ni wọ́n máa ń jẹ lówó jù. Oní-sìmẹ́ńtì á gba owó ẹ̀ torí kò ní já ẹrù láìjẹ́ pé àláàtì wọlé. Onírin bákan náà. Èmi gan-an, mi kì í ta àwìn fún ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn pásítọ̀ mi ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n lébìrà ò ní nǹkan kan tó máa dì mú, ó ti gbé kọnkéré lọ sókè dẹ́kìn, ó ti gan, kò lè lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ mọ́.

Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà lójú ọ̀nà tó lọ sí éápọ́ọ̀tù, mi ò ní dárúkọ. Ọ̀rẹ́ mi ń kó ọmọ jáde níbẹ̀ ní Sọ́ńdè kan, mo bá a lọ. Àwọn lébìrà tó ṣe dẹ́kìn wọn jókòó sídìí ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ọmọ Hausa àti ọmọ Gbagyi ni wọ́n, páànù tí wọ́n fi ń ru kọnkéré dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, sìmẹ́ńtì ti gbẹ funfun sáàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn. Àkàrà inú bébà ni wọ́n ń pín jẹ. Ọ́ṣà kan jáde wá pẹ̀lú kóòtù àti táì, ó ní kí wọ́n kúrò lójú ọ̀nà, àlejò pàtàkì ń bọ̀, kí wọ́n padà wá ní Mọ́ńdè. Ọ̀kan nínú wọn ní Mọ́ńdè tó kọjá náà lẹ ní ká wá. Àgbà wọn dìde, ó gbọn ilẹ̀ kúrò lára jálábíà ẹ̀, kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni, ó kàn ní "Allah ya isa", ó sì ní kí àwọn ọmọ ẹ̀ máa bọ̀. Ẹni tó bá ti gbé lókè ọya pẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó. Ó ti gbé ẹjọ́ ẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ èèyàn nìyẹn, ó ti gbé e fún Ọlọ́run. Nínú ilé, sípíkà ń ké pé gbogbo ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ lòdì sí purójẹ́ẹ̀tì yìí, pa mọ́! A sì ń ṣe Àmín.

Ẹ ṣí Diutarónómì orí 24, ẹsẹ 14 àti 15. Ó ní kó o san owó alágbàṣe lọ́jọ́ náà gan-an, kí oòrùn má wọ̀ lé e, torí tálákà ni, ó sì ti gbọ́kàn lé e, kó má bàa ké pe Olúwa nítorí ẹ kó sì di ẹ̀ṣẹ̀ sí ẹ lọ́rùn. Ó ní bó jẹ́ arákùnrin ẹ ni o, bó jẹ́ àlejò tó wà nílùú ẹ ni o. Torí náà kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé Mùsùlùmí ni wọ́n, wọn kì í ṣe ara ìjọ. Tó bá sì di ọ̀rọ̀ àlejò, ta ló tún jẹ́ àlejò ní Àbújá ju àwa lọ? Àwọn Gbagyi wà lórí ilẹ̀ yìí kí ìjọba tó gbé olú-ìlú wá síbí ní 1991. Jákọ́bù orí karùn-ún tiẹ̀ ní owó tí ẹ fi èrú dá dúró lọ́wọ́ àwọn tó kórè oko yín ń ké, owó náà fúnra ẹ̀ ló ń ké o, igbe àwọn olùkórè sì ti wọ etí Olúwa àwọn ọmọ ogun. Nígbà náà, àdúrà méjì ló ń jáde látinú ọgbà kan ṣoṣo lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn, ẹ̀yin ẹ sọ èwo ló ṣeé ṣe kó kọ́kọ́ débẹ̀.

Ìjẹ́wọ́ tí à ń ṣe yìí gan-an ló ń dà mí láàmú. A máa kúnlẹ̀, a máa sunkún, a máa ní Baba a ti ṣẹ̀, ilẹ̀ á mọ́, gbèsè á sì wà níbi tó wà. Nínú ìwé Númérì orí karùn-ún, Ọlọ́run sọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́wọ́ tó bá jẹ́ pé ẹnìkejì lèèyàn rẹ́ jẹ: kó jẹ́wọ́, kó dá ojú owó padà pé, kó fi ìdá kan nínú márùn-ún lé e, kó sì gbé e fún ẹni tó ṣẹ̀. Ìgbà tí ẹni yẹn ò bá sí mọ́, tí kò sì ní ìbátan tó máa gbà á, ìgbà yẹn ló tó kan àlùfáà. Ẹni tó bá jẹ mégáàdì ẹ̀ ní ₦70,000, ₦84,000 ló máa gbé fún un. Àwa ẹ̀wẹ̀, a máa ń fò dé ọ̀dọ̀ àlùfáà tààrà, a fi ẹ́ńfílọ́ọ̀pù sórí pẹpẹ, ẹ̀rí ọkàn dákẹ́, mégáàdì ṣì ń retí.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní ìjọba ńkọ́. Òótọ́ ni pé Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu ₦70,000 gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù ní oṣù keje 2024, àmọ́ òfin yẹn ò mú ẹni tí òṣìṣẹ́ ẹ̀ ò bá pé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, torí náà mégáàdì tó wà ní Gwarinpa àti ọmọ ọ̀dọ̀ tó wà ní Kubwa, ojú àánú wa ni wọ́n ń wò. Ibẹ̀ gan-an ni ìgbàgbọ́ ti ń hàn, níbi tí ò ti sí pé ọlọ́pàá máa wá mú ẹ. Àwọn Mùsùlùmí náà ní i lọ́dọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ Ànọ́bì ni pé ká san owó alágbàṣe kí òógùn ẹ̀ tó gbẹ. Àwa ńkọ́? Tí ọdún bá bẹ̀rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì á kéde ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún, mádàámù á máa gbààwẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọn ò tíì san owó oṣù kejìlá ẹ̀ lá jí dáná tí wọ́n máa fi ṣínu, wọ́n á tún jágbe mọ́ ọn pé ata pọ̀. Àìsáyà 58 ẹsẹ 3, lọ́jọ́ ààwẹ̀ yín ẹ̀ ń ṣe ìfẹ́ inú ara yín, ẹ sì ń ni gbogbo òṣìṣẹ́ yín lára. Wòlíì yẹn rí wa.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì fúnra ẹ̀ náà wà níbẹ̀ o. Nehemáyà orí 13, ó lọ sí ìrìn-àjò, nígbà tó fi máa dé, wọn ò fún àwọn ọmọ Léfì tó ń ṣiṣẹ́ nínú tẹ́ńpìlì ní ìpín wọn, àwọn akọrin ti sá padà sóko oníkálukú wọn. Àwọn onílù àti oníkíbọ́ọ̀dù wa tó ń sá láti ṣọ́ọ̀ṣì kan sí òmíràn, tí a ń pè wọ́n ní aláìdúróṣinṣin, ẹ bi wọ́n bóyá oko ni wọ́n sá lọ.

Èmi ò mọ ohun tó ṣòro níbẹ̀. Pásítọ̀ kan tí mo mọ̀ ní Kubwa sọ fún ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀ pé òun ò ní ya ilé ìjọsìn tuntun sí mímọ́ àfi tí akápò bá ka orúkọ gbogbo ẹni tí ṣọ́ọ̀ṣì jẹ lówó sókè kí gbogbo ìjọ gbọ́. Àwọn àgbààgbà bínú, wọ́n ní ó fẹ́ tú àṣírí ilé Ọlọ́run. Ó ní àwọn káfíńtà mọ àṣírí náà ṣáájú ẹ̀yin. Wọ́n sún ìyàsímímọ́ síwájú, wọ́n sanwó tán kí wọ́n tó gé ríbọ́nù. Kò sí iná tó jó ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan á ní mo fẹ́ fi iṣẹ́ rọ́pò oore-ọ̀fẹ́. Rárá o. Ẹ jẹ́ kí n rán wọn létí Sọ́ọ̀lù ọba, tí Ọlọ́run ní kó má dá ẹran àwọn ará Ámálékì kankan sí, tó wá ní òun ti pa àṣẹ Olúwa mọ́, tí Sámúẹ́lì bi í pé igbe àgùntàn wo wá ni mò ń gbọ́ yìí. Ẹbọ ni Sọ́ọ̀lù ní òun fẹ́ fi wọ́n rú.

Ohun tí mò ń bẹ àwọn olórí ìjọ tó ń ka ìwé ìròyìn yìí ni pé kí ààwẹ̀ tó ń bọ̀ ní ọjọ́ kan tí wọ́n á yà sọ́tọ̀ fún gbèsè, tíráńsífà ni ká fi ọjọ́ yẹn ṣe dípò àdúrà ogun. Kí ẹ̀yin olóṣèlú tó wà láàárín wa nílùú yìí náà ka ìyókù orí karùn-ún yẹn, pé ọdún méjìlá ni Nehemáyà fi ṣe gómìnà tí ò jẹ owó oúnjẹ gómìnà, àádọ́jọ èèyàn sì ń jẹun lórí tábìlì ẹ̀. Mi ò ní bá yín fa ìyẹn púpọ̀.

Ẹni tó bá ní òun fẹ́ san, ṣùgbọ́n òun ò rí àwọn lébìrà òun mọ́, nọ́ńbà wọn ò lọ mọ́, àwáwí nìyẹn. Wọ́n wà ní jọ́ńṣọ̀n Dei-Dei lárààárọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwọn pẹ̀lú ṣọ́bìrì wọn. Ẹ mú káàṣì dání, púpọ̀ nínú wọn ò ní àkáǹtì.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Ìbejì,
Dei-Dei, Àbújá.